Másítà nínú kíkọ́ ọmọ tó ní ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́: ohun tí orúkọ yẹn ń sọ àti ohun tí kò sọ

Ọmọ kan wà ní kíláàsì, ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ni rí mọ irú rẹ̀. Bí ẹ bá pa àlọ́ fún un, kí ẹ tó parí rẹ̀ ló ti já a. Ó lè tú rédíò tó bàjẹ́ palẹ̀ kó sì tò ó padà. Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀, etí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé síwájú rẹ̀, òógùn á bò ó. Ọ̀rọ̀ tó kà tán ní ìlà kìn-ín-ní, tó bá tún pàdé rẹ̀ ní ìlà kẹta, bí àlejò ló máa ń rí lójú rẹ̀. Àgbàdo inú ìgò ni ọ̀rọ̀ orí ìwé jẹ́ fún un: ó ń wò ó, kò rí i jẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní olódo, àwọn ará ilé ń pè é ní ọ̀lẹ, olùkọ́ rẹ̀ sì ń sọ pé bó bá gbájú mọ́ ìwé ni, ì bá ti mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ tó bá pinnu pé òun fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yìí gan-an, tó sì fẹ́ gba oyè másítà lé e lórí, inú igbó mìíràn ló máa bọ́ sí. Yunifásítì kan ń pe ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní "Special Education", èkejì ń pè é ní "Learning Disabilities", ẹ̀kẹta "Specific Learning Difficulties", ẹ̀kẹrin "Inclusive Education". Ọ̀kan ń fúnni ní M.Ed., òmíràn M.A., òmíràn M.S., òmíràn MAT, gbogbo wọn sì jẹ́ oyè másítà. Kò sí èyí tó la ẹnu sọ ọ́ gbangba pé: bí o bá kàwé yìí tán, irú ọmọ báyìí lo máa lè kọ́, irú iṣẹ́ báyìí ni wọ́n sì máa gbà ọ́ láyè láti ṣe. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ díẹ̀, torí mo gbà pé orúkọ ara ìwé oyè ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, kì í ṣe líle ẹ̀kọ́ náà.

Orúkọ kan, ìtumọ̀ méjì

Ní oṣù kẹrin ọdún 1963, àwọn òbí kan pàdé ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọmọ wọn kì í ṣe afọ́jú, kì í ṣe adití, làákàyè wọn sì pé, síbẹ̀ ìwé kò wọ̀ wọ́n lórí. Orúkọ tó bá wu dókítà kálukú ló ń pe ọ̀ràn náà. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ọpọlọ àwọn ọmọ wọ̀nyí ti fara pa. Samuel Kirk, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Illinois, bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì lo gbólóhùn náà "learning disabilities". Ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ká pè é. Gbólóhùn yẹn wọ àwọn òbí náà lọ́kàn, torí kò bú ọmọ wọn, kò sì dá wọn lẹ́bi. Wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì jà títí ọ̀rọ̀ náà fi wọ inú òfin. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1975, èyí tó ní kí gbogbo ọmọ tó ní ìpèníjà rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bá a mu gbà, ka ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ohun tó bójú tó. Òfin kan náà ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1990, tó di IDEA (Individuals with Disabilities Education Act) tí gbogbo ayé ń pè é lónìí.

Nítorí náà, ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí Kirk ń sọ nípa rẹ̀ ni "learning disability" ń tọ́ka sí: ọmọ tí làákàyè rẹ̀ kò ní àbùkù, àmọ́ tí ìdènà wà lójú ọ̀nà kan pàtó. Bí ìdènà náà bá wà nínú ìwé kíkà, dyslexia ni. Bó bá wà nínú ìkọ̀wé, wọ́n lè pè é ní dysgraphia. Bó bá jẹ́ nínú ìṣirò, dyscalculia.

Ẹ wá sọdá sí Ìlú Ọba. Níbẹ̀, bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá ní ẹnì kan ní "learning disability", ohun tó ń sọ ni pé làákàyè ẹni náà kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé ó nílò ìrànlọ́wọ́ kó tó lè gbé ìgbésí ayé rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀ràn mìíràn pátápátá nìyẹn. Kódà, ẹ̀ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ ti àwọn ènìyàn wọ̀nyí nìkan. Dyslexia àti àwọn tó fara jọ ọ́, "specific learning difficulties" ni wọ́n ń pè wọ́n, tí wọ́n máa ń ké kúrú sí SpLD. Ẹ wo wàhálà tó wà níbẹ̀: olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ bí a ti ń ran ọmọ tí kò lè kàwé lọ́wọ́ lè gba fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ tó ní "learning disabilities" lórí ní Ìlú Ọba, kó wá bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ bí a ti ń tọ́jú àgbàlagbà tó nílò olùrànlọ́wọ́ kó tó lè wẹ̀ kó sì wọṣọ. Iṣẹ́ iyì ni, àmọ́ òun kọ́ ló ń wá.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ tún ní orúkọ tiwọn. Ìwé DSM-5, tí wọ́n fi ń mọ irú ìṣòro tó ń ṣe ènìyàn, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, "specific learning disorder", ó wá ní kí dókítà sọ bóyá ti ìwé kíkà ni, ti ìkọ̀wé ni, tàbí ti ìṣirò. Orúkọ ti di mẹ́ta, ọmọ kan náà la ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Dyslexia fúnra rẹ̀ dàgbà ju gbogbo orúkọ wọ̀nyí lọ. Dókítà ojú kan ní Jámánì, Rudolf Berlin, ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1880, fún àwọn àgbàlagbà tí àìsàn ọpọlọ gba ìwé kíkà lọ́wọ́ wọn. Ní 1896, dókítà kan ní Ìlú Ọba, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tí kò ṣàìsàn kankan, tó mọ ìṣirò, síbẹ̀ tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ọ̀gá iléèwé tó ń kọ́ ọ sọ pé bó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ní iléèwé ni, òun ni ì bá gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí olùkọ́ yẹn sọ̀rọ̀, mi ò sì tíì gbọ́ àlàyé tó ju tirẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n mẹ́nu kan ohun tí kì í ṣe ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́, ká má bàa da gbogbo rẹ̀ pọ̀. ADHD, ìyẹn àìlèfarabalẹ̀ àti àìlèpọkànpọ̀, kì í ṣe ọ̀kan lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní méjèèjì. Autism, èyí tó máa ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kó sì bá wọn ṣe, kì í ṣe ọ̀kan lára wọn. Ọmọ tí ojú tàbí etí ń dà láàmú, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, àti ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ dáadáa rí, gbogbo wọn lè má lè kàwé láìní dyslexia. Apá kan nínú ẹ̀kọ́ másítà yìí ni bí a ti ń ya wọ́n sọ́tọ̀, kò sì rọrùn tó bó ṣe wà lórí ìwé.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n ní Amẹ́ríkà ni kí wọ́n fún ọmọ ní ìdánwò IQ, ìyẹn ìdánwò làákàyè, kí wọ́n tún fún un ní ìdánwò ìwé kíkà, kí wọ́n wá wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ tó, ọmọ náà ní ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànlọ́wọ́. Bí kò bá fẹ̀ tó, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó burú nínú ọ̀nà yìí ni pé ọmọ ní láti kùnà dáadáa kí àlàfo rẹ̀ tó fẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì rí àyè jìn sẹ́yìn. Ó di ìgbà tó bá pé ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, tí ìwé ti sú u, tí orúkọ olódo ti mọ́ ọn lára, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ni nǹkan ń ṣe é. Ẹni tí ń rì sínú omi, tí a ní kó dúró kó rì tán ká tó ju okùn sí i.

Nígbà tí wọ́n tún òfin IDEA ṣe ní 2004, ó sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di dandan mọ́ pé kí iléèwé lo àlàfo yìí. Ó fàyè gba ọ̀nà mìíràn: ẹ kọ́ gbogbo ọmọ dáadáa, ẹ fi kún ti àwọn tó ń jìn sẹ́yìn, ẹ máa wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe lóòrèkóòrè, ọmọ tí kò bá sì yí padà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tó dára ni kí ẹ yẹ̀ wò fínnífínní. Bí ẹ bá rí "RTI" (Response to Intervention) tàbí "MTSS" (Multi-Tiered System of Supports) nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ másítà, ọ̀nà yìí ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ó ní ìṣòro tirẹ̀. Iléèwé mìíràn máa ń fi "a ṣì ń wò ó" tan òbí jẹ fún ọdún méjì.

Ohun tí wọ́n máa kọ́ yín ní ti gidi

Ìbéèrè tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nìyí, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìwé kíkà, torí òun ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní 1986, àwọn olùwádìí méjì, Philip Gough àti William Tunmer, kọ àlàyé kan tó kúrú gan-an. Wọ́n ní kíka ìwé kó yéni jẹ́ ìsọdipúpọ̀ nǹkan méjì: mímọ ọ̀rọ̀ pè láti ara lẹ́tà, àti gbígbọ́ èdè náà lágbọ̀ọ́yé. Ìsọdipúpọ̀ ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé ìropọ̀. Ẹ ronú sí i. Nínú ìropọ̀, bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, èkejì ṣì lè gba ọmọ là. Nínú ìsọdipúpọ̀, bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀, bó ti wù kí èkejì pọ̀ tó. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni òdo rẹ̀ wà. Gbígbọ́ èdè rẹ̀ kún dé ẹnu; ìdí nìyẹn tí àlọ́ fi ń yé e kíá. Ibi lẹ́tà lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ mìíràn tún wà tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀: ó ń ka ìwé já geere bí akéwì, bí ẹ bá sì béèrè ohun tó kà, kò mọ ọ̀kankan. Bí olùkọ́ bá fún àwọn méjèèjì ní iṣẹ́ kan náà, ó ti fi àkókò ẹnì kan ṣòfò.

Ohun tí olùkọ́ tó gboyè yìí ní tí olùkọ́ mìíràn lè má ní nìyẹn: ó lè fi ìka tọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ti ń kọ gan-an.

Kí ló wá ń fa òdo ibi lẹ́tà yẹn? Ohun tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀ràn ìró ni, kì í ṣe ọ̀ràn ojú. Ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé lẹ́tà ló ń yí po lójú ọmọ tó ní dyslexia, pé ó ń rí "b" bíi "d". Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé ló máa ń pààrọ̀ méjèèjì. Ohun tó le fún ọmọ yìí ni láti fi etí inú já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ sọ fún un pé: pe "bàtà", yọ "bà" kúrò, kí ló kù? Ẹ tún sọ fún un pé: nínú "bẹ́", fi "k" sí ipò "b", kí ló dà? Ọmọ tí ìró kò ṣòro fún á rẹ́rìn-ín, á ní "kẹ́". Ọmọ tí a ń wí yìí á dákẹ́, á máa wo ẹnu yín. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tú sí ìró létí inú, kò sí ohun tí lẹ́tà máa dì mọ́.

Èdè tí ọmọ fi ń kàwé náà ní ipa tirẹ̀, ẹ̀kọ́ másítà tó dára kì í sì í fò ó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹlẹ́tàn: "ough" inú "though", inú "through" àti inú "cough", ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ké bó ṣe wù ú. Lédè Finnish tàbí Italian, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ olóòótọ́ sí ìró rẹ̀. Nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ní dyslexia lè máa pe gbogbo ọ̀rọ̀ bó ṣe tọ́, àmọ́ kó máa lọ bí ìgbín. Olùkọ́ tó bá ń retí àṣìṣe kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ kò ní rí i láéláé. Aago ló máa sọ fún un.

Ní 2000, ìgbìmọ̀ kan tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n gbé kalẹ̀, National Reading Panel, yẹ ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ wò, wọ́n sì tẹnu mọ́ ohun márùn-ún: ìmọ̀ ìró, ìdàpọ̀ lẹ́tà mọ́ ìró, kíkà já geere, ọ̀rọ̀ púpọ̀ lágbárí, àti òye. Ẹ máa bá márààrún pàdé nínú kọ́ọ̀sì yín débi tí ẹ máa fi lè kà wọ́n lójú oorun. Ẹ tún máa bá orúkọ Orton àti Gillingham pàdé. Dókítà ni Samuel Orton, olùkọ́ àti onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá sì ni Anna Gillingham. Láti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá ni ọ̀nà ìkọ́ni tó ń jẹ́ orúkọ wọn ti wà, níbi tí ọmọ ti ń rí lẹ́tà, tó ń pè é, tó sì ń fi ọwọ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìtòtẹ̀léra tí kì í fo àtẹ̀gùn kankan.

Ti ìṣirò kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan gidi, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́ tàbí igi. Lẹ́yìn náà á yàwòrán wọn. Ìgbẹ̀yìn ni nọ́ńbà máa dé. Olùkọ́ púpọ̀ máa ń sáré dé ibi nọ́ńbà. Ti ìkọ̀wé, àwọn olùwádìí méjì, Karen Harris àti Steve Graham, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà kan tí olùkọ́ fi máa ń ronú sókè níwájú ọmọ: "Kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ló máa kà á? Ó ti sú mi níbí o, ẹ jẹ́ kí n padà wo ètò mi." Ọmọ á gbọ́ bí ọpọlọ òǹkọ̀wé ṣe ń ṣiṣẹ́, á sì máa fi ṣe tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n. Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, òun ni mo máa mú. Stanley Deno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Minnesota ló gbé e kalẹ̀. Ọmọ á ka ojú ìwé kan sókè fún ìṣẹ́jú kan. Olùkọ́ á ka iye ọ̀rọ̀ tó pè tọ́, á sì fi àmì sí i lórí gíráàfù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú ìwé mìíràn tí líle rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ìṣẹ́jú kan, àmì mìíràn. Olùkọ́ ti fa ìlà kan kalẹ̀ ṣáájú láti ibi tí ọmọ wà dé ibi tó fẹ́ kó dé. Bí àmì mẹ́rin tẹ̀léra bá bọ́ sí abẹ́ ìlà yẹn, olùkọ́ ló ní láti yí ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ padà. Ẹ̀bi náà ti kúrò lọ́rùn ọmọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó dun àwa olùkọ́ díẹ̀.

Àwọn ohun mìíràn tún wà tí kò gba àlàyé púpọ̀: bí a ti ń kọ ètò ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo, èyí tí òfin Amẹ́ríkà ń pè ní IEP, bí a ti ń bá òbí jókòó sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn, bí a ti ń bá olùkọ́ kíláàsì ṣiṣẹ́ pọ̀ láìgba kíláàsì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa ń rú olùkọ́ lójú. Bí ẹ bá fún ọmọ ní àkókò púpọ̀ sí i nínú ìdánwò, tàbí tí ẹ ka ìbéèrè ìṣirò sí i létí, ẹ ò tíì dín ohun tó yẹ kó mọ̀ kù. Ojú ọ̀nà nìkan lẹ là fún un. Bí ẹ bá fún un ní ìbéèrè tó rọrùn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ ti yí ohun tó ń kọ́ padà nìyẹn. Méjèèjì ní ìgbà tiwọn, àmọ́ ẹni tó bá fi èkejì ṣe àkọ́kọ́ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ láìmọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún yín. Bí ẹ̀kọ́ kan bá ń polongo gíláàsì aláwọ̀ fún dyslexia, ẹ rántí pé ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé àti ti àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà jùmọ̀ sọ pé kò sí ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbè é lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ pé ọmọ kan jẹ́ "olójú", òmíràn "elétí", òmíràn "ọlọ́wọ́", ká sì máa kọ́ kálukú ní tirẹ̀: ó dùn létí, ẹ̀rí tó dúró kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Oyè kì í ṣe ìwé àṣẹ

Lẹ́tà tó tẹ̀lé orúkọ oyè kò wúwo tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ní Amẹ́ríkà, MAT sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nínú nǹkan mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di olùkọ́. M.Ed. sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ti ń kọ́ni. M.A. àti M.S. lè jẹ́ èyíkéyìí, ìwádìí sì lè pọ̀ nínú wọn. Mo ní "sábà", torí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Kọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ni kí ẹ kà.

Iye kírẹ́díìtì náà máa ń ṣẹ̀rù bani láìnídìí. Másítà ní Ìlú Ọba jẹ́ 180 kírẹ́díìtì, ó sì sábà máa ń gba ọdún kan fún ẹni tó fi gbogbo àkókò rẹ̀ sí i. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń wà láàárín 30 sí 36, ó sì lè gba ọdún kan àbọ̀ sí méjì. Kì í ṣe pé ti Ìlú Ọba le ní ìlọ́po mẹ́fà. Òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ohun tó ń bani lọ́kàn jẹ́ jù ni ti ẹni tó kàwé tán tó wá rí i pé òun kò lè gba iṣẹ́. Oyè ni yunifásítì ń fúnni. Ìwé àṣẹ ìkọ́ni, ìjọba tàbí àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́ ló ń fúnni. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ "learning disabilities" mọ́; wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìpèníjà mìíràn. Ẹ̀kọ́ méjì lè wà ní yunifásítì kan náà, orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, kí ọ̀kan máa sinni lọ sí ibi ìwé àṣẹ, kí èkejì má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní England, ẹni tó bá fẹ́ máa kọ́ni ní ọ̀pọ̀ iléèwé ìjọba nílò QTS (Qualified Teacher Status), ìyẹn àṣẹ olùkọ́, másítà nìkan kì í sì í fúnni ní i. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe àyẹ̀wò dyslexia kó sì kọ èsì rẹ̀ tún ní ìwé ẹ̀rí mìíràn tó ń gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní Assessment Practising Certificate. Kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù, ẹ kọ̀wé sí yunifásítì náà, ẹ béèrè ìbéèrè kan péré: "Ní ibi tí mo ti fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ni ẹ̀kọ́ yìí máa jẹ́ kí n lè ṣe tí mi ò lè ṣe báyìí?" Bí èsì wọn bá ń yí gbirigbiri, ẹ ti mọ.

Ohun kejì tí mo máa ń sọ pé kí ènìyàn wádìí ni iṣẹ́ ìdánrawò, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí TP. Kọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ báyìí, mi ò sì lòdì sí i. Ènìyàn lè ka ìmọ̀ ìró láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí mélòó lẹ máa fi jókòó ti ọmọ gidi? Ta ló máa wà níbẹ̀ tó máa wo yín? Ṣé ẹni tó ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ni, àbí ẹni tó kàn ń buwọ́ lùwé? Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí. Bí ènìyàn bá ń pe ìró "p" fún ọmọ tó sì ń fi "ù" sí ìdí rẹ̀, tó ń sọ pé "pù", ó ń ba nǹkan jẹ́, kò sì sí ìwé tó máa gbọ́ ọ kó tún un ṣe. Ènìyàn abẹ̀mí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló lè gbọ́ ọ.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn máa ní kí ẹ ṣe ìwádìí láti fi parí. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín pé ẹ ò rí ọgọ́rùn-ún ọmọ kó jọ. Nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe, ọmọ mẹ́ta lè tó. Ẹ máa wọn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójoojúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìkọ́ni tuntun pẹ̀lú ọmọ kìíní nìkan. Nígbà tó bá yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkejì. Lẹ́yìn náà ìkẹta. Bí ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan bá dúró sójú kan títí di ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tó wá gbéra lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé ìdàgbàsókè lásán ni.

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn másítà mìíràn: oyè àkọ́kọ́, èsì ìdánwò, lẹ́tà àwọn tó mọ iṣẹ́ yín, àti àròkọ nípa ìdí tí ẹ fi fẹ́ kà á. Nínú àròkọ yẹn, ẹ fi "mo fẹ́ràn ọmọdé" sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́. Ẹ kọ̀wé nípa ọmọ kan, láìdárúkọ rẹ̀: ohun tó ń ṣe, ohun tí ẹ gbìyànjú, ibi tó ti já kulẹ̀, ohun tí ẹ ò tíì mọ̀. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ sanwó ẹ̀kọ́ fún yín, ẹ ka ìwé àdéhùn dé ìlà ìgbẹ̀yìn, torí irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè pé kí ẹ ṣiṣẹ́ ní ibi kan fún iye ọdún kan.

Ó ku ti olùkọ́ tó ti ń kọ́ni fún ọdún mẹ́wàá, tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, tó ń béèrè bóyá dandan ni másítà fún òun. Kì í ṣe dandan. Bó bá jẹ́ pé ìmọ̀ ìwé kíkà nìkan lẹ ń wá, sáìtífíkéètì oṣù díẹ̀ tó dá lórí ọ̀nà ìkọ́ni kan pàtó, tí alábòójútó wà nínú rẹ̀, lè wúlò fún yín ju másítà tó jẹ́ kìkì àròkọ lọ. Másítà tọ́ sí yín bí ẹ bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ tuntun, bí ẹ bá fẹ́ máa darí ẹ̀ka yìí ní iléèwé yín, tàbí bí ẹ bá ń ronú pé ẹ máa kọ́ àwọn olùkọ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú.

Bó ti wù kó rí, ẹ ò nílò lẹ́tà ìgbaniwọlé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Ẹ mú ojú ìwé kan tí kò le jù fún ọmọ yẹn, ẹ fi aago sí ìṣẹ́jú kan, ẹ ka ọ̀rọ̀ tó pè tọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀lé e. Bí àkókò bá tó tí wọ́n ní kí ẹ wá ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ kàwé yìí, gíráàfù yẹn ni kí ẹ mú dání.